Fèrèsé Wo Ni Kí Ẹ Gbà Nínú Bàálù Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù?

Bàálù tí kò yà níbì kankan ń lò tó wákàtí 6 ó lé díẹ̀ láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀nà náà sì tó nǹkan bíi 5,000 kìlómítà. Láàárín àkókò yẹn, ọ̀sà Èkó á kọjá lábẹ́ yín, igbó á kọjá, Odò Ọya á kọjá, aṣálẹ̀ Sàhárà á gbà ju wákàtí 2 lọ, lẹ́yìn náà ni òkè Atlas, Òkun Mediterranean àti ilẹ̀ oko àwọn Faransé, kó tó wá kan odò Thames. Èrò méjì lè san iye owó kan náà, kí ọ̀kan rí gbogbo rẹ̀, kí èkejì má rí ju ìyẹ́ bàálù àti ìtànṣán oòrùn tó ń gún un lójú. Ibi tí kálukú wọn jókòó sí ló fà á.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé tí wọ́n bá ti fún wọn ní ojú fèrèsé, ó parí. Kò parí níbẹ̀ rárá. Ìbéèrè mẹ́ta ló ń pinnu ohun tí ojú máa rí: Ibo ni imú bàálù máa kọjú sí? Ibo ni oòrùn máa wà lásìkò yẹn? Ibo ni ìyẹ́ wà sí àga yín? A ó gbà wọ́n níkọ̀ọ̀kan, a ó sì fi ọ̀nà Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé òun ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń rìn, ìṣirò rẹ̀ náà sì rọrùn. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìṣirò náà yóò lè ṣe é fún ọ̀nà èyíkéyìí.

Ẹ kọ́kọ́ mọ lẹ́tà àga

Tí ẹ bá dojú kọ imú bàálù, lẹ́tà A ni fèrèsé ọwọ́ òsì. Èyí kì í sábà yàtọ̀. Ti ọwọ́ ọ̀tún ló máa ń yí padà. Nínú ọ̀pọ̀ bàálù ńlá tó ní ọ̀nà àárín méjì, K ni. Nínú àwọn mìíràn, L ni. Nínú bàálù kékeré tí èèyàn mẹ́fà ń jókòó ní ìlà kan, F ni. Wọ́n sábà máa ń fo lẹ́tà I torí pé ó jọ oókan. Nítorí náà, ẹ má ṣe há lẹ́tà sórí. Ẹ wo àwòrán àga bàálù tí ẹ fẹ́ wọ̀. Nínú ìtọ́sọ́nà yìí, tí mo bá pè é ní K, fèrèsé ọwọ́ ọ̀tún ni mò ń wí.

Irú bàálù náà ṣe pàtàkì. Nínú Airbus A330, èèyàn méjì péré ló sábà máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nínú yàrá èrò gbogboogbò: àga fèrèsé àti àga etí ọ̀nà. Tọkọtaya tó ń rìn pọ̀ kò lè rí ju èyí lọ, nítorí kò sí àjèjì tí wọ́n máa dí lọ́wọ́ tí wọ́n bá fẹ́ dìde. Nínú Boeing 777, èèyàn mẹ́ta ló máa ń wà níbẹ̀, ẹni tó wà nídìí fèrèsé á sì kọjá níwájú èèyàn méjì kó tó dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Ọ̀nà àti oòrùn

Lọ́ńdọ̀nù wà ní àríwá Èkó. Ó kàn fì díẹ̀ sí ìwọ̀-oòrùn ni. Nígbà tí bàálù bá ti kọrí sọ́nà, àríwá ló dojú kọ. Ẹni tó bá sì dojú kọ àríwá, ìlà-oòrùn wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ìwọ̀-oòrùn wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Ẹ dìde dúró nínú yàrá yín, kí ẹ kọjú sí àríwá, ẹ na ọwọ́ méjèèjì, ẹ ò ní ṣì í mọ́.

Ẹ wá fi aago kún un. Ká ní bàálù ọ̀sán ni, tó gbéra ní Èkó ní nǹkan bí aago 11 àárọ̀. Oòrùn ti ga lásìkò yẹn. Kò ní pẹ́ tí yóò fi kọjá àtàrí, tí yóò sì máa wọ́ lọ sí ìwọ̀-oòrùn títí ẹ ó fi dé. Ọwọ́ òsì ló ń lọ yẹn. Ẹni tó jókòó sí A yóò máa já ìbòjú fèrèsé wálẹ̀ láti Sàhárà títí dé ilẹ̀ Faransé. Ẹni tó jókòó sí K, ẹ̀yìn rẹ̀ ni oòrùn wà. Ilẹ̀ tó ń wò ni ìmọ́lẹ̀ náà ń bọ́ sí, gbogbo rẹ̀ á mọ́ kedere. Bí ìkùukùu bá wà nísàlẹ̀, ẹni ọwọ́ ọ̀tún yìí nìkan ló lè rí òjìji bàálù lórí rẹ̀, tí òrùka aláwọ̀ òṣùmàrè yí i ká. Apá tí oòrùn kò sí ni irú èyí ti máa ń hàn.

Nígbà àbọ̀, gúúsù ni imú bàálù kọjú sí, gbogbo nǹkan á sì yí padà. Ìlà-oòrùn ti di ọwọ́ òsì. Bàálù tó bá kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù láàárọ̀ yóò lo èyí tó pọ̀ jù nínú ìrìn náà lẹ́yìn agogo méjìlá ọ̀sán, oòrùn á sì wà lọ́wọ́ ọ̀tún. A ni kí ẹ gbà nígbà yẹn. Àlọ, K, àbọ̀, A. Lẹ́tà ló yí padà, ìlà-oòrùn kan náà ni ojú ń wò.

Àwọn méjì ni ìṣirò oòrùn ọ̀sán yìí kò bá mu. Èkíní ni ẹni tó fẹ́ràn láti wo oòrùn tó ń wọ̀. Ní oṣù Ọ̀pẹ̀, oòrùn ti ń wọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù kí aago 4 ìrọ̀lẹ́ tó lù, nítorí náà bàálù ọ̀sán láti Èkó máa ń bá a lórí ilẹ̀ Faransé. Ẹni tó bá fẹ́ rí i kó gba A. Ní oṣù Òkúdù, oòrùn kì í wọ̀ níbẹ̀ títí aago 9 alẹ́ fi kọjá. Ẹ ò ní rí nǹkan kan lójú ọ̀nà. Ẹnì kejì ni ẹni tó ń wọ bàálù òru. Tirẹ̀ ń bọ̀ nísàlẹ̀.

Ìyẹ́ bàálù

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé èèyàn á mọ ọwọ́ tó yẹ kó jókòó sí, á sì lọ jókòó sórí ìyẹ́. Ìyẹ́ bàálù ńlá fẹ̀ débi pé ó ń bo ilẹ̀ mọ́ ẹni tó wà ní ọ̀pọ̀ ìlà àga láàárín. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ lè rí ọ̀run àti ìkùukùu dáadáa, ṣùgbọ́n ohun tó wà nísàlẹ̀ gan-an kò sí fún un.

Iwájú ìyẹ́ ló dára jù lọ. Ìyẹ́ máa ń tẹ̀ sẹ́yìn, ẹni tó wà níwájú rẹ̀ sì lè wo ìsàlẹ̀ láìsí ohun tó dí i. Ìṣòro ibẹ̀ ni owó: yàrá àwọn olówó ló sábà máa ń gba iwájú, ìwọ̀nba ìlà díẹ̀ tó kù fún èrò gbogboogbò ṣáájú ìyẹ́ ni iléeṣẹ́ bàálù sì máa ń tà lówó gọbọi.

Ẹ̀yìn pátápátá ló tẹ̀ lé e. Níbẹ̀, ìyẹ́ ti wà níwájú yín, ilẹ̀ sì ti ṣí sílẹ̀ lábẹ́. Ó lábùkù méjì. Ooru tó ń tú jáde láti ẹ́ńjìnnì máa ń mú kí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ máa gbọ̀n lójú, àwòrán kámẹ́rà tó bá gba inú ooru yẹn kì í gún régé. Yàtọ̀ sí èyí, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ibi tí wọ́n ti ń bu oúnjẹ wà nítòsí, ariwo á sì wà. Síbẹ̀, ẹni tó bá ń wá ìran kó fara mọ́ ariwo. Àga ẹ̀yìn ni kì í tètè tán, òun náà ni owó rẹ̀ sábà máa ń kéré jù.

Àga fèrèsé tí kò ní fèrèsé

Ẹ má ṣe rò pé gbogbo àga tí wọ́n kọ A tàbí K sí ló ní fèrèsé. Inú ògiri bàálù ni àwọn ọ̀pá tó ń gbé afẹ́fẹ́ tútù lọ sókè ń gbà, ibi tí wọ́n bá gbà kò lè ní fèrèsé. Lẹ́yìn èyí, ẹni tó ṣe ara bàálù ló pín fèrèsé, iléeṣẹ́ tó rà á ló to àga sínú rẹ̀. Àga kì í fìgbà gbogbo bá fèrèsé mu. Ẹlòmíràn á jókòó tán, á rí i pé ẹ̀yìn èjìká òun ni fèrèsé wà, tàbí pé ti ẹni iwájú ni òun ń yọjú wò. Ní oṣù Ògún 2025, àwọn èrò kan ní Amẹ́ríkà gbé iléeṣẹ́ bàálù Delta àti United lọ sílé ẹjọ́ lórí irú ọ̀rọ̀ yìí: wọ́n ní àwọn sanwó àga fèrèsé, ògiri ni àwọn bá.

Ìkànnì aeroLOPA máa ń fi àwòrán bàálù kọ̀ọ̀kan hàn, fèrèsé pẹ̀lú àga, ìlà sí ìlà. Ẹ wá orúkọ iléeṣẹ́ yín àti irú bàálù níbẹ̀, ẹ yẹ ìlà tí ẹ fẹ́ mú wò dáadáa. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni, ó sì lè gbà yín lọ́wọ́ wákàtí 6 ògiri.

Bó bá jẹ́ Boeing 787 ni ẹ fẹ́ wọ̀, ẹ mọ̀ pé fèrèsé rẹ̀ tóbi ju ti ọ̀pọ̀ bàálù lọ, ṣùgbọ́n kò ní ìbòjú tí ẹ máa fà. Bọ́tìnnì ni wọ́n ń tẹ̀ tí gíláàsì fi ń ṣókùnkùn. Àwọn òṣìṣẹ́ inú bàálù lè mú gbogbo rẹ̀ ṣókùnkùn lẹ́ẹ̀kan náà kí èrò lè sùn, ẹ ò sì ní lè dá tiyín padà. Tí ó bá ṣẹlẹ̀, ẹ fi pẹ̀lẹ́tù bẹ òṣìṣẹ́ pé kó jẹ́ kí tiyín mọ́ díẹ̀.

Ohun tí ẹ máa rí lójú ọ̀nà

Afẹ́fẹ́ láti òkun ló sábà máa ń fẹ́ ní Èkó, bàálù sì máa ń dojú kọ afẹ́fẹ́ gbéra. Ìdí nìyí tí bàálù tó ń lọ sí àríwá fi sábà máa ń kọ́kọ́ kọrí sí òkun kó tó yí padà. Ní ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn, ọwọ́ òsì ló ń rí ọ̀sà àti afárá Third Mainland. Ẹni tó gba K yóò pàdánù ìyẹn. Ẹ jẹ́ kó lọ. Èyí tó ń bọ̀ pọ̀ jù ú lọ.

Láàárín nǹkan bíi wákàtí kan, ẹ máa wò ó bí ewéko ṣe ń di koríko, tí koríko ń di ilẹ̀ pupa. Adágún Kainji, tí wọ́n fi ìdídò ibẹ̀ dá ní 1968, wà ní ìhà ọ̀tún, ó jìnnà díẹ̀. Ọjọ́ tí ojú sánmà bá mọ́ nìkan ló ń hàn. Odò Ọya fúnra rẹ̀ ń bọ̀ ní ibi tí orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ àti Niger ti pààlà. Ẹ̀gbẹ́ odò yẹn ló kẹ́yìn tí ẹ máa rí tútù yọ̀yọ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Sàhárà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi sùn, òun gan-an ló sì yẹ kí wọ́n jí fún. Iyanrìn nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀. Àwọn ibì kan jẹ́ òkúta dúdú tó tẹ́ lọ salalu, òmíràn jẹ́ ojú odò àtijọ́ tó ti gbẹ láti ayébáyé, tí ipa rẹ̀ ṣì hàn lórí ilẹ̀ bíi gbòǹgbò igi. Tí ọ̀nà ọjọ́ náà bá gba ìwọ̀-oòrùn ìlú Tamanrasset, àwọn òkè Hoggar á hàn lọ́wọ́ ọ̀tún. Tahat, tó ga jù níbẹ̀ àti ní gbogbo Àlgéríà, ga tó mítà 2,908. Níwájú sí i, ẹ ó rí òkìtì yanrìn aláwọ̀ ìyeyè tó tò tẹ̀ lé ara wọn débi tí ojú mọ. Ẹ máa ṣọ́ àwọn òbìrí aláwọ̀ ewé láàárín aṣálẹ̀ Àlgéríà: oko ni wọ́n. Omi abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ń fà jáde, ọ̀pá gígùn kan tó ń yí po láti àárín ló sì ń fọ́n ọn, ìdí nìyẹn tí oko náà fi rí roboto.

Òkè Atlas ló pààlà láàárín aṣálẹ̀ àti òkun. Nígbà òtútù, yìnyín lè wà lórí rẹ̀. Kété lẹ́yìn rẹ̀ ni etíkun Àlgéríà, lẹ́yìn náà ni omi aláwọ̀ búlúù, àti àwọn erékùṣù Spéìn bíi Mallorca. Bí ọ̀nà bá gba ibi tó sún mọ́ Toulouse, àwọn òkè Pyrenees ni ẹ máa kọjá lórí wọn. Bó bá gba ìhà Lyon, òkè Alps wà lọ́wọ́ ọ̀tún, yìnyín orí rẹ̀ sì máa ń funfun láti ọ̀nà jíjìn.

Ìbalẹ̀ ni ohun tó dùn jù, K ló sì tún ni í. Ní pápákọ̀ Heathrow, bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ọjọ́ ọdún, ìwọ̀-oòrùn ni bàálù ń kọjú sí balẹ̀. Ó ń wọlé láti ìlà-oòrùn, àárín ìlú Lọ́ńdọ̀nù á sì wà lọ́wọ́ ọ̀tún: àwọn ilé gogoro Canary Wharf, Tower Bridge, ilé Shard tó ga tó mítà 310, àti òbìrí London Eye létí odò. Kí ẹ tó balẹ̀, àwọn tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù lè wo ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún kan náà, Stamford Bridge, pápá Chelsea, wà níbẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá yí, tí bàálù sì gba ìwọ̀-oòrùn wọlé, ọwọ́ òsì ló máa rí ààfin Windsor. Bó bá sì jẹ́ pápákọ̀ Gatwick ni bàálù yín ń lọ, oko àti igbó ìgbèríko ni ẹ máa rí, kì í ṣe àárín ìlú.

Ẹ fi í sọ́kàn pé ọ̀nà òfuurufú kì í dúró sójú kan. Ojú ọjọ́ lè yí i, ìṣèlú náà lè yí i. Nígbà tí àwọn ológun Niger gbàjọba ní 2023, wọ́n ti òfuurufú orílẹ̀-èdè wọn láti ọjọ́ 6 oṣù Ògún títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ọ̀wẹ̀wẹ̀, bàálù tó ń lọ láàárín Nàìjíríà àti Yúróòpù sì ní láti wá ọ̀nà mìíràn gbà. Nítorí náà, ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú ìrìn-àjò yín, ẹ lọ sórí ìkànnì Flightradar24, ẹ tẹ nọ́ńbà bàálù yín, kí ẹ sì wo ipa ọ̀nà tó tọ̀ láìpẹ́ yìí.

Bàálù òru àti ìgbà ọdún

Ọ̀pọ̀ bàálù tó ń kúrò l'Ékòó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, òru ni wọ́n ń gbéra, wọn á sì balẹ̀ ní ìdájí. Ẹni tó bá fẹ́ rí Sàhárà kó wá bàálù ọ̀sán. Òru kò ní ju òkùnkùn lọ, àfi iná gáàsì tí wọ́n ń sun ní àwọn pápá bíi Hassi R'Mel ní Àlgéríà, àti iná àwọn ìlú tó tò sí etíkun. Síbẹ̀, K ṣì ni kí ẹ gbà, nítorí ọwọ́ ọ̀tún ni ilẹ̀ ti máa mọ́. Láti oṣù Èbìbí dé oṣù Ògún, ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ máa ń bá bàálù lórí ilẹ̀ Faransé, àwọ̀ pupa àti ìyeyè á là létí ọ̀run. Nígbà òtútù, ilẹ̀ kì í tètè mọ́ níbẹ̀, iná ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni ẹ máa bá.

Ìgbà ọdún náà ní tirẹ̀. Láti oṣù Ọ̀pẹ̀ sí oṣù Èrèlé, eruku ọyẹ́ lè bo ilẹ̀ láti Èkó títí dé àárín Niger, ẹ ò ní rí ju funfun lọ. Nígbà òjò, ìkùukùu ló ń bo gúúsù Nàìjíríà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mànàmáná rẹ̀ máa ń dára wò láti òkè lóru. Ìgbà tó dára jù ni òpin oṣù Ọ̀wàrà wọ oṣù Bélú, nígbà tí òjò ti fọ afẹ́fẹ́ tí ọyẹ́ kò sì tíì dé.

Bí ẹ ṣe máa rí àga náà gbà

1. Kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ wo aago ìgbéra àti irú bàálù. Ọ̀sán ni ẹ fẹ́, kì í ṣe òru.

2. Ẹ ṣe ìṣirò ọwọ́: imú bàálù, oòrùn, aago. Ẹ kọ lẹ́tà tó bá jáde sílẹ̀.

3. Ẹ ṣí àwòrán àga, ẹ yọ gbogbo ìlà tó wà lórí ìyẹ́ kúrò, ẹ yọ èyí tí kò ní fèrèsé kúrò. Ìyókù ni ẹ máa mú nínú rẹ̀.

4. Bí iléeṣẹ́ náà bá ń gba owó lórí yíyan àga, ẹ bi ara yín bóyá ìran náà tó owó yẹn lójú yín. Bí kò bá tó o, ẹ dúró de ìgbà tí wọ́n bá ṣí ìforúkọsílẹ̀ èrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́, wákàtí 24 ṣáájú ìgbéra ni. Ẹ wọlé ní ìṣẹ́jú tó bá ṣí, kì í ṣe lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

5. Ní ọjọ́ ìrìn-àjò, ẹ padà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ tún àga yín wò. Iléeṣẹ́ lè pààrọ̀ bàálù, tó bá sì ti pààrọ̀ rẹ̀, ìlà tí ẹ yàn lè ti bọ́ sórí ìyẹ́.

6. Ní káńtà pápákọ̀, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ ní pàtó. Ẹni tó bá ní, "Ẹ dákun, fèrèsé ọwọ́ ọ̀tún, lẹ́yìn ìyẹ́," ti mú iṣẹ́ rọrùn fún òṣìṣẹ́. Ẹni tó kàn ní, "Ẹ fún mi ní fèrèsé," ohun tí wọ́n bá rí ni wọ́n máa fún un.

Nígbà tí ẹ bá ti jókòó

Ẹ mú aṣọ kékeré kan dání fi nu fèrèsé, nítorí orí àwọn tó sùn níbẹ̀ ṣáájú yín ti fi ìpara sílẹ̀ lára rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò ní wákàtí àkọ́kọ́, kí òtútù tó mú omi dì sára gíláàsì. Ihò bíńtín kan wà nísàlẹ̀ fèrèsé náà. Ẹ má fòyà, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ lu ú ni, kí afẹ́fẹ́ lè dọ́gba láàárín àwọn ìpele gíláàsì, kí ìrì má sì bò ó. Ẹ pa fíláàṣì. Ẹ gbé fóònù sún mọ́ gíláàsì dáadáa láìjẹ́ kó kàn án, ẹ fi ìborùn dúdú bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí iná inú bàálù má baà hàn nínú àwòrán.

Ẹ gba máàpù ilẹ̀ tí ẹ máa kọjá sórí fóònù kí ẹ tó kúrò nílé. Bí fóònù bá tilẹ̀ wà ní ipò bàálù, ó ṣì lè mọ ibi tí ẹ wà tí ẹ bá gbé e sí ìdí fèrèsé, ẹ ó sì lè mọ orúkọ òkè tàbí odò tí ẹ ń wò.

Ẹni tó wà nídìí fèrèsé ló ń ṣàkóso ìmọ́lẹ̀ ìlà náà, kó má fi ni àwọn ẹlòmíràn lára. Bí wọ́n bá ti pa iná kí èrò lè sùn, ẹ ṣí ìbòjú ní ìwọ̀nba ìka méjì, ẹ sún mọ́ ọn wò. Bí àgbàlagbà bá jókòó tì yín, ẹ kí i kí ẹ tó jókòó, ẹ sì sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé, "Ẹ má bínú mà, ẹ jọ̀ọ́, mo lè dà yín láàmú lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì." Nígbà tí òun náà bá dìde lọ nasẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé e. Ẹ má ṣe torí pé ẹ ò fẹ́ kọjá níwájú èèyàn kí ẹ má mu omi, tàbí kí ẹ má nasẹ̀ rárá; jíjókòó sójú kan fún wákàtí púpọ̀ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan ẹsẹ̀.

Bó bá jẹ́ ìyá yín ni ẹ ń ra tíkẹ́ẹ̀tì fún, tó ń bọ̀ wá bá yín tọ́jú ọmọ tuntun, ẹ kọ́kọ́ bi í. Bí orúnkún bá ń dùn ún, tàbí tó ń tọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, etí ọ̀nà ló dára fún un, ìran kò tó ìrọ̀rùn. Ọmọdé ni kí ẹ fi sídìí fèrèsé, kí òbí rẹ̀ jókòó tì í.

Àwọn ọ̀nà mìíràn

Ẹni tó ń lọ sí Atlanta tàbí New York láti Èkó, òkun ni yóò máa wò fún èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀nà. Ẹ má fi owó kún owó nítorí ìran níbẹ̀. Bí ẹ bá ṣáà fẹ́ fèrèsé lọ́sàn-án, ọ̀tún ni kí ẹ mú, nítorí gúúsù ni oòrùn sábà máa ń wà, ọwọ́ òsì ẹni tó ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn sì ni gúúsù.

Fún àwọn alálàájì tó ń lọ sí Jẹ́dà, ọ̀nà tó sún mọ́ jù ń gba òkè odò Nile àti Òkun Pupa kọjá, ṣùgbọ́n ogun tó bẹ́ sílẹ̀ ní Sudan ní oṣù Igbe 2023 ti mú kí bàálù máa yà fún orílẹ̀-èdè náà. Ẹ wo ọ̀nà tiyín kí ẹ tó mú ọwọ́. Ẹni tó ń lọ sí Nairobi, ọwọ́ ọ̀tún ni òkè Kamẹrúùnù wà, tó ga tó mítà 4,095. Bó bá sì tún gba ibẹ̀ lọ sí Dar es Salaam, ọ̀tún náà ni kó jókòó sí kó lè rí Kilimanjaro, òkè tó ga jù ní Áfíríkà, mítà 5,895.

Fún Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù, ìdájọ́ mi kò le: bàálù ọ̀sán, K ní àlọ, A ní àbọ̀, iwájú ìyẹ́ bí owó bá wà, ẹ̀yìn pátápátá bí kò bá sí. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹ béèrè ti àga yín kí ẹ tó sanwó, nítorí tí ilẹ̀kùn bàálù bá ti tì, ohun tó bá wà níwájú fèrèsé yín náà ni ẹ máa wò dé Lọ́ńdọ̀nù.